Aránṣọ Kì Í Wọn Ẹ̀yìn Ara Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi ayẹyẹ fírídọ̀mù àwọn ọmọṣẹ́ aránṣọ, ní Ìbàdàn)

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ san owó ìkọ́ṣẹ́, tí ẹ ra ẹ̀rọ, tí ẹ ń fún ọmọ lówó ọkọ̀ láràárọ̀, ẹ kú àfaradà. Ẹ ó jèrè ọmọ o. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gba fírídọ̀mù lónìí, mo rí yín nínú aṣọ tí ẹ fọwọ́ ara yín rán. Ó yẹ yín. Ẹ kú oríire.

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe lè gbọ́kàn lé ara rẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gba ẹ̀yìnkùlé wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ni mo fi ń kọ́ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí ojo kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n ṣeé ràn lọ́wọ́, torí àwọn fúnra wọn mọ ibi tó ń dùn wọ́n. Ẹni tó ń kó ìdààmú bá mi ni ẹni tí ara rẹ̀ jọ lójú, tó ń ba iṣẹ́ jẹ́, tí kò sì mọ̀ pé nǹkan kan bà jẹ́. Òun ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin ọ̀gá ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá fẹ́ rán aṣọ ara yín, ta ní ń wọ̀n yín? Ẹ lè wọn àyà fúnra yín. Ẹ lè wọn ìdí. Ẹ lè wọn ọwọ́. Ẹ̀yìn ńkọ́? Láti èjìká dé èjìká ńkọ́?

(Àwọn ọ̀gá dáhùn: "Ẹlòmíràn ni!")

Ẹ ṣeun. Ẹlòmíràn ni. Bí èèyàn bá na ọwọ́ sẹ́yìn kó lè di téèpù mú, èjìká á yẹ̀, téèpù á wọ́, nọ́ńbà tó bá kà kì í ṣe ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Èkíní: ojú tí kò tíì là

Ìyá mi ránṣọ ní Mọ́kọ́lá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọmọṣẹ́ tuntun bá dé, Màámi a fi bùbá méjì kọ́ sára ògiri. Ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló rán an. Èkejì, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo bí oṣù kan àtààbọ̀ ló rán an. Á wá bi ọmọ tuntun pé, "Kí ni ìyàtọ̀ tí o rí?" Ọmọ á wò ó síwá, á wò ó sẹ́yìn, á ní, "Màámi, wọ́n jọra."

Wọn ò jọra o! Ọrùn ọ̀kan jókòó, ti èkejì gbéra sókè. Ojú rírán ọ̀kan tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á, ti èkejì ń rìn bí ejò. Ọmọ yẹn ò sì purọ́. Ojú rẹ̀ ò tíì là ni. Ìmọ̀ tí a fi ń rán aṣọ tó dáa náà ni ìmọ̀ tí a fi ń dá aṣọ tó dáa mọ̀. Bí kò bá tíì ní èyí tí yóò fi rán an, níbo ló ti fẹ́ rí èyí tí yóò fi dá a mọ̀?

Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà, Justin Kruger àti David Dunning, gbé ìwádìí kan jáde lórí ohun tí ìyá mi ń fi bùbá méjì dán wò yìí. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò lórí ìrònú tó gún, lórí gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti lórí mímọ ọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín yàtọ̀ sí èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí kálukú sọ ibi tó rò pé òun wà láàárín àwọn yòókù. Ẹ fojú inú wo ọgọ́rùn-ún èèyàn tó tò sórí ìlà. Àwọn tó wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, bí a bá da ti gbogbo wọn pọ̀, tí a sì pín in dọ́gba, èèyàn 12 péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ta yọ. Èèyàn mélòó ni wọ́n rò pé àwọn ta yọ? Èèyàn 62.

Ó tún kù. Wọ́n kó ìwé ìdánwò gírámà tí àwọn ẹlòmíràn kọ fún wọn wò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù wò ó, wọ́n sì rí i pé àwọn ti fojú kéré ara wọn. Wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe rọrùn fún àwọn náà ló rọrùn fún gbogbo èèyàn. Àwọn tó wà lẹ́yìn wo iṣẹ́ tó dáa ju tiwọn lọ, wọn ò sì yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Màámi, wọ́n jọra.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìwádìí náà. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú lórí ìrònú tó gún, wọ́n sì dá ìwé tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ padà fún wọn. Ẹnu ò tún yá wọn mọ́. Wọ́n rí ibi tí wọ́n ti ṣì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣọ́ọ̀bù wa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìyá mi á tún gbé bùbá méjèèjì kọ́, ọmọ kan náà tó ní wọ́n jọra á bo ẹnu, á ní, "Háà! Màámi, ẹ wo ọrùn eléyìí!"

Nítorí náà, ẹni tí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ torí pé kò tíì kọ́ṣẹ́, mi ò ní bá a wí. Bí ọmọdé kò bá tíì dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ẹ mú un dé oko ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ìwádìí yìí bú àwọn ẹlòmíràn. Gbogbo wa la wà lẹ́yìn níbì kan. Olùwádìí kan ní Sweden, Ola Svenson, bi àwọn awakọ̀ léèrè ní ọdún 1981: nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó bá sọ̀rọ̀, 93 nínú 100 ló ní àwọn mọ ọkọ̀ wà ju ìdajì àwọn yòókù lọ. Báwo nìyẹn ṣe lè ṣeé ṣe? Àwọn èèyàn bíi tiwa ni wọ́n.

Ìkejì: ojú tó là, tí kò fẹ́ wò

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti nípọn. Ìjọra-ẹni-lójú yàtọ̀ sí àìmọ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní narcissism, láti inú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìsì nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Narcissus, tó rí òjìji ojú ara rẹ̀ nínú omi, tí ìfẹ́ òjìji náà sì wọ̀ ọ́ lára débi pé kò lè kúrò létí omi mọ́ títí ó fi kú.

Ìtàn tiwọn nìyẹn. Tiwa wà nílẹ̀, ó sì bá ọ̀rọ̀ òní mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè kan, ó fẹ́ lọ fi kọ́ orí igi kí ẹnikẹ́ni má bàa rí níbẹ̀ mọ́. Ó fi okùn so akèrègbè mọ́ ọrùn, ó gbé e kọ́ àyà. Ó gùn ún títí, kò lè gùn ún. Ìgbín ń kọjá lọ, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kí ló dé tí o ò gbé e sẹ́yìn?" Ẹ rò ó wò. Ohun tó dínà mọ́ Ìjàpá ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé gbogbo ọgbọ́n wà lọ́wọ́ òun. Ó gbé e síwájú, ó wà láàárín òun àti igi. Ìgbín tí kò gbé nǹkan kan ló rí i.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ má ṣe kúrò níbí lọ máa fi orúkọ àìsàn pe aládùúgbò yín. Láti ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti kọ oríṣi kan tó le sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀, onímọ̀ ìlera ọpọlọ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló sì lè sọ pé ó ń ṣe ẹnì kan. Èyí tí mò ń sọ ni èyí tó wà lára gbogbo wa, ti ẹnì kan pọ̀, ti ẹnì kan kéré. Robert Raskin àti Calvin Hall ṣe ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ní ọdún 1979, wọ́n sì ń lò ó káàkiri títí dòní.

Ní ọdún 2004, Keith Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Georgia bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè ìmọ̀ gbogbogbòò, wọ́n ní kí kálukú sọ bó ṣe dá a lójú tó, wọ́n sì ní kí wọ́n ta tẹ́tẹ́ lórí ìdáhùn ara wọn. Àwọn tí ìjọra-ẹni-lójú pọ̀ lára wọn ò gbà á ju àwọn yòókù lọ. Ó kàn dá wọn lójú ju bó ṣe yẹ lọ ni, torí náà ni wọ́n ṣe pàdánù nínú tẹ́tẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá bi wọ́n bí èyí tó ń bọ̀ yóò ṣe rí, èsì tó wà níwájú wọn kọ́ ni wọ́n wò. Ohun tí wọ́n ti ń retí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni wọ́n wò. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ rí i bí? Téèpù sọ tirẹ̀, èèyàn kọ tirẹ̀ sínú ìwé.

Ìyá mi ní ọgbọ́n kan tó fi ń mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Á rán ọmọṣẹ́ lọ sí Gbági, á ní kó ra òwú, kó ra bọ́tìnì, kó sì béèrè fún oríṣi aṣọ kan, á wá pe orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hun lẹ́nu, orúkọ tí kò sí lọ́jà kankan. Ọmọ kan á dúró, á ní, "Màámi, ẹ má bínú, mi ò mọ èyí o, báwo ló ṣe rí?" Ọmọ mìíràn á ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Màámi, wọ́n ń tà á lọ́wọ́ iwájú." Ọmọ tó béèrè ni ìyá mi máa ń kọ́kọ́ fi sídìí ẹ̀rọ tó dáa. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ń kàwé, mo rí i pé Delroy Paulhus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Canada, ti gbé irú ọgbọ́n yìí jáde ní ọdún 2003. Wọ́n to orúkọ 150 síwájú èèyàn, wọ́n ní kó sọ èyí tó mọ̀, ìdá kan nínú márùn-ún orúkọ náà kò sì sí láyé rárá. Àwọn tí ara wọn jọ lójú ló ń sọ jù pé àwọn mọ ohun tí kò sí. Mo jókòó sínú láíbìrì, mo rántí Màámi, omi bọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó mọ aṣọ gé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe ti ọmọ tí ojú rẹ̀ ò tíì là. Ìyá kan gbé léèsì yáàdì márùn-ún wá, ìró àti bùbá ni, wọ́n ń ṣe ìyàwó ọmọ wọn. Ọmọ yìí kò wọ̀n wọ́n. Ó ní òun ti rán aṣọ fún wọn rí, òun mọ ìwọ̀n wọn lórí. Ó tẹ́ léèsì sílẹ̀, ó fa ṣọ́ọ̀kì, ó gé e. Nígbà tí wọ́n dé wá wọ̀ ọ́, apá ò gba inú ọwọ́ bùbá kọjá.

Kí ni ọmọ yìí sọ? Ó ní léèsì náà ń sún kì. Ó ní ìyá yẹn ló sanra láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní wọ́n mú iná lọ nígbà tí òun ń gé e. Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìràn mọ́! Ìyá mi rin gbogbo Gbági já láti wá irú léèsì yẹn. Èyí tó rí, àwọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀. Ó rà á lówó ara rẹ̀, ó tún aṣọ rán láàárín òru. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ kan náà tún na ọwọ́ sí aṣọ oníbàárà mìíràn, ó ní, "Mo mọ ìwọ̀n wọn."

Àwọn ọmọṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ìlara ni. Ọ̀kan nínú wọn dákẹ́, èkejì dákẹ́. Oníbàárà kan bá a sọ̀rọ̀, ó dá a lóhùn ràì, ìyẹn náà ò wá mọ́. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó ń sọ nǹkan kan fún un mọ́ àfi àwọn tó ń yìn ín. Ibi tí ìjọra-ẹni-lójú àti àìmọ-ìwọ̀n-ara-ẹni ti pàdé nìyẹn. Àìmọ̀ lásán, ẹ̀kọ́ ló ń wò ó sàn. Ìjọra-ẹni-lójú a máa lé àwọn tó lè kọ́ni lọ, a máa gba téèpù lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó lè wọn ẹ̀yìn ẹni, a wá ku ojú tiwa nìkan. Ojú yẹn ò sì dé ẹ̀yìn.

Ó ṣe èmi náà rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, bí mo bá parí ẹ̀kọ́, mo máa ń béèrè pé ṣé ìbéèrè wà. Kì í sí. Mo gbà pé mo kọ́ wọn yé yékéyéké ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún odidi sáà kan. Olùkọ́ àgbà kan ló jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi lọ́jọ́ kan, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rù rẹ ló ń bà wọ́n." Inú bí mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi kí wọn bó ṣe yẹ. Mo tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún padà wá jókòó.

Ìkẹta: àwa tí à ń pàtẹ́wọ́

Èyí ò ní pẹ́. Ìwádìí mìíràn tí Paulhus ṣe, tó jáde ní ọdún 1998, kó àwọn tí wọn kò mọ ara wọn rí jọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n ń pàdé lọ́sẹ̀ méje. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, àwọn tó ń gbé ara wọn ga ni àwọn yòókù fẹ́ràn. Wọ́n ní wọ́n gbọ́n, wọ́n ní wọ́n yá mọ́ni. Nígbà tó fi máa di ìpàdé keje, ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n ti yí padà.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá fẹ́ yan ẹni tí yóò dúró sí ṣọ́ọ̀bù kejì, tàbí bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yan olóyè, ẹ má ṣe yàn án ní ìpàdé àkọ́kọ́. Ẹ dúró de ìkeje.

Ìkẹrin: ẹ̀yin òbí

Níbo ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀? Ní ọdún 2015, Eddie Brummelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì kan jáde láti orílẹ̀-èdè Netherlands. Wọ́n tẹ̀ lé ọmọ 565 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 11, àti àwọn òbí wọn, wọ́n ń bi wọ́n léèrè lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Níbi tí òbí bá ti ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ju àwọn ọmọ yòókù lọ, tí nǹkan tí wọn kò fún ẹlòmíràn sì tọ́ sí, ìjọra-ẹni-lójú ló ń dàgbà nínú ọmọ náà. Níbi tí òbí bá ti ń fi ìfẹ́ hàn sí ọmọ, tó ń jẹ́ kó mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, iyì ara ẹni ló ń dàgbà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ohun méjì ni wọ́n. "Mo fẹ́ràn rẹ" kọ́ ni "ìwọ lo jù wọ́n lọ."

Ẹnì kan lè bi mí pé, oríkì tí à ń kì ọmọ wa láràárọ̀ ńkọ́? Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò sì rí ẹ̀bi lára oríkì. Oríkì ò sọ fún Àkànní pé ó ju ọmọ aládùúgbò lọ. Ibi tó ti ṣẹ̀ wá ló ń sọ fún un. Oríkì ìdílé a máa sọ ogo, a sì máa mẹ́nu ba àléébù láìbò ó. Ẹlòmíràn ló sì ń kì wá, a kì í dúró níwájú dígí kì ara wa. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni òbí tó wá sí ṣọ́ọ̀bù wá bá ọ̀gá jà torí pé wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ tú aṣọ rán. Bí ọ̀gá bá ní kí ọmọ tú u, ìyá, bàbá, ẹ jẹ́ kó tú u.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gba fírídọ̀mù, ẹ ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiyín. Kò ní sí ọ̀gá lẹ́yìn yín mọ́ tí yóò ní kí ẹ tú u. Ẹ wá ẹnì kan. Ó lè jẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín tó wà ní òdìkejì títì, ó lè jẹ́ oníbàárà tí ẹnu rẹ̀ mú. Bí ó bá ní ọrùn aṣọ yín gbéra, ẹ má kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ gbé aṣọ náà kọ́ ògiri, kí ẹ wò ó.

Kí n tó jókòó, ọdún tí ìyá mi lò kẹ́yìn láyé, wọ́n fẹ́ rán bùbá àǹkárá kan fún ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ wọn àtijọ́, tó ti di ọ̀gá, tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ló wá kí wọn lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ṣí ìwé ìwọ̀n wọn, ó ní kó gé e bó ṣe wà níbẹ̀: láti èjìká dé èjìká, ìǹṣì 16. Ó ti wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ọmọṣẹ́ yìí kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín." Ó wọ̀n wọ́n, ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ìǹṣì 14 àti ààbọ̀ ni, Màámi."

Ìyá mi ní, "Tún un wọ̀n." Ó tún un wọ̀n. Mẹ́rìnlá àti ààbọ̀.

Màámi mú bírò, wọ́n fa ìlà sórí 16, wọ́n kọ 14 àti ààbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó gbé àǹkárá wá. Bùbá yẹn bá wọn mu, òun ni wọ́n wọ̀ lọ sí ayẹyẹ tó tẹ̀ lé e.

Ìwé ìwọ̀n náà wà nínú báàgì mi níbí. Ẹ̀yin ọmọ tó bá fẹ́ rí i, ẹ wá bá mi nídìí tábìlì nígbà tí a bá ń jẹun. Alága, ẹ ṣeun, mo dá máìkì padà.